Ìrù Ajá Tó Gba Àyè Ìlà Kejìlá

Ẹ gbé àpótí yẹn kalẹ̀ ná. Ìwọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé ọ̀nà jìn, mo sì mọ̀ pé o fẹ́ gbé màmá rẹ dé ilé rẹ kí oòrùn tó mú jù, ṣùgbọ́n má tíì kó ẹrù kankan sínú mọ́tò mọ́. Ẹ jókòó, gbogbo yín. Dókítà, àga kan ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí a kò tíì gbé jáde, ẹ fà á. Ìyá Aládùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi, bóyá ẹ máa bá mi dì í mú. Oṣù méje ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ kan pamọ́ sínú, mo sì ti rò pé mo máa gbé e dé sàréè. Ó kù díẹ̀ kí n ṣe é. Àmọ́ láàárọ̀ yìí ni ẹ̀gbọ́n mi fa okùn ajá rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, tó ní, "Àbúrò mi, ìwọ ni kí o máa tọ́jú Bánúsọ. Ojú tìrẹ ni mo gbọ́kàn lé, tèmi ti lọ." Okùn náà rèé. Ajá náà rèé, ó jókòó lé mi lẹ́sẹ̀. Tí mo bá jẹ́ kí mọ́tò yẹn gbéra láìsọ òótọ́, mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́ láé, torí mo mọ ara mi, ojo ni mí. Ojú ẹ̀gbọ́n mi kò lọ síbì kankan. Orí rẹ̀ kò sì dàrú. Èmi ni mo purọ́ fún un tó fi gbà pé orí òun ti dàrú, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣe é.

Ìwọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò sí níbí nígbà tó ṣẹlẹ̀, torí rẹ ni màá ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. O mọ irú ẹni tí màmá rẹ jẹ́. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló fi kọ́ ọmọ ní ilé ìwé, ọ̀gá àgbà ni kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ìwé tó gba iwájú rẹ̀ kọjá tí kò fi bírò pupa tún ṣe. Wọ́n fìwé pè é síbi ìgbéyàwó, ó tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe, ó dá a padà fún wọn. Lẹ́tà tí mo kọ sí ìyàwó mi nígbà tí mò ń dẹnu kọ ọ́, orí tábìlì ilé wa ni mo gbàgbé rẹ̀ sí. Nígbà tó fi máa dé ọwọ́ ẹni tó ni ín, máàkì mẹ́rin nínú mẹ́wàá ti wà lókè rẹ̀. Ìyàwó mi ní àánú ló jẹ́ kí òun gbà. Èmi ní tèmi, pátákó ni mò ń kọ jẹun. Ọ̀pọ̀ pátákó tó wà ládùúgbò yìí, ọwọ́ mi ló ti jáde, láti orí ti aránṣọ títí dé "Ẹ má tọ̀ síbí." Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ẹ̀gbọ́n mi kò dúró sábẹ́ rẹ̀ kó pè mí sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà, lójú gbogbo ayé, pé ibì kan kù díẹ̀ káàtó. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, mo ní ọmọ-ọmọ, síbẹ̀ tí mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀ níta, ńṣe ni búrọ́ọ̀ṣì ń jábọ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò sọ èyí láti fi gba ara mi sílẹ̀. Mò ń sọ ọ́ kí o lè mọ ibi tí ìwà burúkú gbà wọlé sí mi lára.

Ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, Dókítà tó jókòó yìí, tó ń tọ́jú àwọn ẹran ilé, ránṣẹ́ pè mí. Ó ní gbogbo ọjọ́ Ajé ni iwájú ilé ìtọ́jú òun ń kún fún ajá tó ń bì àti ológbò tí inú ń run, nítorí ohun tí àwọn tó ni wọ́n fún wọn jẹ lópin ọ̀sẹ̀. Bàbá kan ń fún ajá rẹ̀ ní kọfí torí pé ajá náà ń sùn jù. Ìyá kan ń fi ṣokoléètì bẹ ológbò rẹ̀ kó má bínú sí òun mọ́. Dókítà ní, "Bàbá, kì í ṣe ìkà ló ń pa àwọn ẹran yìí, ìfẹ́ ni. Èèyàn á jẹ díẹ̀, á fún ajá ní díẹ̀, wọn ò mọ̀ pé inú ajá kò rí bíi tiwa." Ó fẹ́ kí n kọ pátákó ńlá kan tí òun máa kàn mọ́ ògiri tó kọjú sí ọ̀nà, kí tolórí tẹlẹ́mù tó bá ń kọjá máa kà á. Ó jókòó, ó kọ nǹkan méjìlá sínú ìwé fún mi: ṣokoléètì, àjàrà, àlùbọ́sà, aáyù, ọtí, kọfí, títí dé ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí kò tíì jinná. Ìkejìlá rèé, mo mọ̀ ọ́n sórí báyìí bí orúkọ ara mi: "Súwíìtì, bisikíìtì àti ṣingọ́ọ̀mù tí wọ́n ní kò ní ṣúgà."

Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ wa yanjú mọ̀ pé ìlà là ń kọ́kọ́ fà. A ó fi okùn ẹfun ta ìlà sórí pákó, a ó ka iye ọ̀rọ̀, a ó wọn àyè, ìgbà yẹn la tó máa mọ ibi tí àwòrán máa gbé. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé àlejò ni àwòrán, ọ̀rọ̀ ló nilé. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ti fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn, mo tiẹ̀ ti fi na ẹnì kan. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, Bánúsọ wá dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, oòrùn là á lára, ó gbé ìrù sókè, mo ní, "Ajá tó máa wà lórí pátákó mi nìyí." Mo kọ́kọ́ ya ajá. Mo ya etí, mo ya imú tó ń dán, mo dé ibi ìrù, mi ò wá lè dúró mọ́. Mo ya ìrù yẹn, ó yí wálẹ̀, ó tún yí gòkè, mo ya irun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀. Mo kọ dé ìkọkànlá, mo bá ìrù pàdé. Kò sáyè mọ́. Ìrù ajá ti gba àyè ìlà kejìlá.

Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n nu ìrù kúrò. Ọkàn mi ò gbà á. Mo wo ìwé Dókítà, mo wo ìrù, mo tún wo ìwé. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro àròjinlẹ̀ òmùgọ̀. Mo ní, ṣebí ṣúgà ni wọ́n ní kò dáa fún ajá? Èyí tí kò wá ní ṣúgà nínú, kí ló fẹ́ fi ṣe ajá? Mo ní ó ti rẹ Dókítà ni, ohun tí ajá lè jẹ ló ṣèèṣì fi sáàárín ohun tí kò gbọ́dọ̀ jẹ. Èmi tí mi ò mọ ẹ̀gbẹ́ tí ẹ̀dọ̀ ajá wà, èmi ni mò ń bá dókítà ajá tún ìwé rẹ̀ ṣe. Mo fo ìlà kejìlá, mo gbé pátákó lọ. Dókítà ń yọ eyín ológbò kan lọ́wọ́. Ó ké láti inú yàrá pé, "Bàbá, ẹ bá mi kàn án mọ́ ògiri, ó dáa." Kò rójú jáde wá wò ó. Dókítà, ẹ má yí ara lórí àga, mi ò di ẹ̀bi rù yín, mo kàn ń sọ ọ́ bó ṣe rí ni. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi dé iwájú pátákó. Ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìṣe rẹ̀. Èmi wà ní òdìkejì ọ̀nà, mò ń wò ó. Ó kà á tán, ó yíjú sí mi, ó ní, "Mi ò rí àṣìṣe kankan." Láti kékeré ni mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn tí mo ti gbọ́ ọ tán, ẹ sọ fún mi, ta ló máa wá lọ sọ pé ó ku ìlà kan?

Ó wá di ọjọ́ súwíìtì. Ìyá Aládùn yìí, ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ni láti ìgbà èwe, súwíìtì àti kéèkì ló sì ń ṣe tà níkàngun ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ó ní ìtọ̀ ṣúgà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní òun ò ní jẹ́ kó jìyà ẹnu. Ó wá adùn kan rà tó ń wà nínú agolo, tó dùn bíi ṣúgà tí kì í sì í ṣe ṣúgà, ó fi omi ọsàn sí i, ó sè é, ó gé e wẹ́wẹ́. Ó gbé àpò kan wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Èmi náà wà níbẹ̀, mò ń jẹun. Ẹ máa rí i pé ibi tí oúnjẹ bá wà ni èmi náà sábà máa ń wà. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀kan sẹ́nu, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Bánúsọ gbójú sókè wò ó. Gbogbo wa la mọ ojú yẹn, ojú ẹni tí kò jẹun láti ọdún tó kọjá, bẹ́ẹ̀ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lá abọ́ rẹ̀ tán ni. Ẹ̀gbọ́n mi bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Ṣé ajá lè jẹ ẹ́?" Ìyá Aládùn ní, "Èèyàn ni mo ṣe é fún o, mi ò mọ ti ajá. Lọ wo pátákó." Ẹ wá gbọ́ bí obìnrin yìí ṣe dáhùn, bó ṣe yẹ gẹ́lẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi náà ṣe bó ṣe yẹ. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó fa ajá dání, ó rìn lọ nínú oòrùn, ó ka pátákó náà lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ń jẹ ẹran. Mo mọ ohun tó lọ wò, mo mọ̀ pé mi ò kọ ọ́ síbẹ̀, ẹran náà kò sì há mi lọ́fun. Ó padà dé, ó ní, "Kò sí níbẹ̀," ó fún Bánúsọ ní súwíìtì mẹ́fà.

Kò tó wákàtí kan, ajá bì. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tó mutí yó, ó forí gbá ẹsẹ̀ tábìlì, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ yẹ̀, ó ṣubú, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Láti ọjọ́ tí màmá wa ti kú, mi ò rí omi lójú ẹ̀gbọ́n mi mọ́ àfi lọ́jọ́ yẹn. A gbé ajá sínú báàfù ìfọṣọ, ẹ̀gbọ́n mi di ẹ̀gbẹ́ kan mú, èmi di ìkejì. Ìyá Aládùn ń sáré tẹ̀ lé wa pẹ̀lú àpò súwíìtì lọ́wọ́, ó ń tún un sọ pé, "Kí ni mo fi ṣe é, kí ni mo fi ṣe é." Dókítà wo àpò náà, ó wo ajá, ó ti mọ̀. Ó ní adùn inú agolo yẹn, tó bá dé inú ajá, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á já wálẹ̀ lójijì, tó bá sì pọ̀, ó lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ó fi omi oníṣúgà sí i lára láti inú ike. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi di ẹsẹ̀ tí abẹ́rẹ́ wà mú, kó má jẹ́ kó mì rárá títí omi á fi tán. Ó wá bi í pé, "Màmá, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé tó báyìí, ṣé ẹ ò ka pátákó ni?" Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí níbẹ̀." Dókítà ní, "Ó wà níbẹ̀, Màmá. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ sínú ìwé." Àwọn méjèèjì yíjú sí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ìwọ lo kọ pátákó. Ó wà níbẹ̀ àbí kò sí níbẹ̀?" Ọlọ́run ṣílẹ̀kùn fún mi nígbà yẹn kí n gbabẹ̀ jáde. Ajá ò tíì kú, kò sẹ́ni tó máa pa mí. Mo la ẹnu, mo ní, "Ó wà níbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi jiyàn. Ó ní, "Ó dáa. Tí omi yìí bá ti tán, màá lọ fojú ara mi rí i." Mo wo ike omi yẹn, ó ń kán tó, tó, tó, mo sì mọ̀ pé ó máa tó wákàtí kan kó tó tán. Mo ní mo fẹ́ lọ tọ̀. Àpò iṣẹ́ mi wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ mi níta, ọ̀dà pupa wà nínú rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín wà níbẹ̀. Mo gbé àpótí kékeré kan sábẹ́ pátákó, mo jókòó lé e. Kò sí àyè kankan àfi láàárín ẹsẹ̀ ajá tí mo yà, lábẹ́ ikùn rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ha ìlà kejìlá mọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kọ síbẹ̀, òótọ́ ni, síbẹ̀ irọ́ tó tóbi jù láyé mi nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi wà nínú, ó ń di ẹsẹ̀ ajá mú, ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kó má kú. Èmi wà níta, mò ń fi fìlà fẹ́ ọ̀dà kó tètè gbẹ.

Obìnrin tó ń wẹ ajá nílé ìtọ́jú náà jáde wá da omi nù, ó bá mi níbẹ̀. Ó ní, "Bàbá, kí lẹ ń ṣe lábẹ́ ajá?" Mo ní mò ń tún èékánná rẹ̀ yà, ó ti ń ṣí. Ó na ọrùn wò ó, ó kà á, ó ní, "Èékánná yìí mà gùn o, ó tún ń sọ̀rọ̀ nípa bisikíìtì." Mo bẹ̀ ẹ́. Ó wò mí títí, ó wá sọ pé àbúrò òun obìnrin fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù onírun lóṣù tó ń bọ̀, pátákó ló kù tí kò tíì ní. Mo ní wọ́n ti ní pátákó. Pátákó náà wà níbẹ̀ dòní, òun ló rẹwà jù nínú gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ mi, torí pé ẹ̀rù ni mo fi yà á. Mi ò bínú sí obìnrin náà. Ẹni tó gbé ẹ̀gbin jáde láti ilé rẹ̀ kì í bi ará ọ̀nà pé kí ló dé tó ń dimú.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú jù, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀. Omi tán, Bánúsọ gbórí sókè, ó lá ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi, Dókítà ní ewu ti ń kọjá lọ. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó ní ká lọ wo pátákó. Ó dúró níwájú rẹ̀. Ó gbé ìka sókè, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkínní, ó ń tọ̀ ọ́ wálẹ̀. Ó dé ìkọkànlá. Ìka rẹ̀ dúró. Ó tẹ̀, ó wo abẹ́ ikùn ajá, ó rí i. Ó kà á sókè, ohùn rẹ̀ kéré. Ó fi ìka tọ ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bó ṣe máa ń ṣe, nígbà tó máa gbé ìka kúrò, ọ̀dà pupa ti wà ní ṣónṣó rẹ̀. Ó wo ìka náà. Ẹ̀rí gbogbo ohun tí mo ṣe wà lórí ìka ẹ̀gbọ́n mi, ó tutù, ó pupa, ọmọ kékeré á mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ó ní, "Kí lèyí?" Mo ní, "Oòrùn ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ògiri yìí máa ń gbóná, ọ̀dà ibẹ̀ máa ń yọ́." Mo yọ ìnujú mi lápò, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ọmọ dáadáa, mo nù ún mọ́ tónítóní. Ó ní, "O ṣeun, àbúrò mi." Ẹ̀yin èèyàn, mo ti wò ó síwá sẹ́yìn, èyí ló burú jù. Fífo ìlà kan, àṣìṣe iṣẹ́ ni. Nínù tí mo nu ìka yẹn, ìkà ni.

Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kéré lójú ara rẹ̀. Ó lọ ṣàyẹ̀wò ojú, wọ́n ní ojú rẹ̀ dá ṣáṣá. Ó ní á jẹ́ pé orí ni nìyẹn. Kò fi bírò pupa kan ìwé mọ́. Ó fi ìwé oògùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá òun kà á, kó tún máà di pé òun fo nǹkan kan. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mò ń wá jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, tí mò ń ka lẹ́tà fún un, tí mò ń ka ara agolo mílíìkì fún un, òun á sì wí pé, "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n, àbúrò mi." Ṣé kí n sọ òótọ́ tó kù? Ó dùn mọ́ mi. Ẹni tó ti ń tún mi ṣe láti ọjọ́ tí mo ti ń sọ̀rọ̀, òun ló wá ń bi mí pé kí ni mo rí. Mò ń ṣe bí ọ̀mọ̀wé. Nígbà kan mo tiẹ̀ ṣi ọjọ́ kan kà nínú lẹ́tà, ó ní òun rò pé ọjọ́ Ọ̀sẹ̀ ni, mo wúkọ́, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa rọra." Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Ó tún bu ẹran sí abọ́ mi. Mo jẹ ẹ́.

Nígbà tó sọ pé òun máa lọ gbé ọ̀dọ̀ ọmọ òun, pé kò yẹ kí ẹni tí orí rẹ̀ ti ń fo nǹkan máa dá gbé, mo ṣì dákẹ́. Mo ní ọmọ rẹ̀ á tọ́jú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dáa. Mo ti ní irọ́ tó pọ̀ tó láti fi tẹ́ ara mi lọ́rùn. Ohun tó fọ́ mi ni bébà yìí tó fún mi láàárọ̀ pẹ̀lú okùn ajá. Ẹ gbà á, Dókítà, ẹ wò ó. Gbogbo ohun tí Bánúsọ kò gbọ́dọ̀ jẹ ló kọ síbẹ̀ fún mi, ọwọ́ rẹ̀ ṣì gún bíi ti ojú pátákó ilé ìwé. Ìkejìlá ló fi ṣe ìkínní. Ẹ wo ohun tó kọ sísàlẹ̀ rẹ̀: "Kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Má ṣe bíi tèmi." Mo wọ ilé ìyàgbẹ́ lọ, mo sunkún títí ìyàwó mi fi kan ilẹ̀kùn pé ṣé inú ló ń run mí.

Ìwọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀dọ́ ni ọ́, jẹ́ kí n fi èyí kìlọ̀ fún ọ. Ajá ò lè ka pátákó, ológbò ò lè bi èèyàn pé kí ló wà nínú rẹ̀. Ohun tí o ò bá mọ̀, má fún wọn, bó ti wù kí ojú wọn bẹ̀ ọ́ tó. Bí o bá sì ṣàṣìṣe, jẹ́ kó wà ní àṣìṣe. Nu ìrù kúrò, kí o kọ ìlà, kójú tì ọ́ fún ọjọ́ kan, kó tán síbẹ̀. Má wá ibi tí wàá fi í pamọ́ sí, torí kò sí ibi tó fẹ̀ fún un ju orí ẹlòmíràn lọ, ibẹ̀ ni o sì máa gbé e kà.

Ìyá Aládùn, ẹ forí jì mí, oṣù méje lẹ fi rò pé ọwọ́ yín ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ajá ọ̀rẹ́ yín. Dókítà, ìwé tí ẹ kọ́kọ́ kọ fún mi rèé, nǹkan méjìlá ló wà níbẹ̀. Lọ́la màá gun àkàbà, màá nu ìrù yẹn kúrò, màá kọ ìlà náà gàdàgbà síbi tó yẹ ẹ́, ẹni tó bá fẹ́ kó wá dúró sábẹ́ mi kó máa fi mí ṣẹ̀sín. Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti wà lórí eékún mi. Bí ẹ ò bá fẹ́ dárí jì mí, mi ò ní bá yín jà, ṣùgbọ́n ẹ gba okùn ajá yín, ẹ sì jẹ́ kí ọmọ yìí tú ẹrù yín. Ẹ bú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ nǹkan kan, ẹ má kàn máa wo ìka yín bẹ́ẹ̀ yẹn. Kí lẹ wí? Mi ò gbọ́ yín dáadáa. Ẹ ní kí n tún un sọ, ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn àbí kò sí níbẹ̀? Kò sí níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ kà á, ẹ̀ẹ̀mejèèjì lẹ kà á dáadáa.